Mo San Gbèsè Tán, Wọn Ò Fún Mi Nílé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Winnipeg ní Kánádà níbí títí dé Ìkẹ́rẹ́. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tíṣà, mo kí ìyàwó mi àtàwọn ọmọ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín. Inú ń bí mi gidigidi, àmọ́ kì í ṣe sí yín.

Níbí, wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì lórí bó ṣe ń yáwó àti bó ṣe ń san án. Bí máàkì ẹni ò bá dáa, onílé ò ní gbà á. Láti ọdún tí mo dé ni mo ti ní káàdì ìyáwó kan, mo sì tún yá owó ra mọ́tò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mò ń gbé wọn dìde, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, nínú òtútù tó ń mú omijé dì, kí n lè san gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Ẹni bá san owó oògùn kòkó tán, akọ̀wé a fi bírò pupa fagi lé orúkọ rẹ̀, wọn a pàtẹ́wọ́, òun náà a fa káàdì rẹ̀ ya lójú gbogbo ẹgbẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo san owó mọ́tò, mo san ti káàdì, mo ní kí báńkì pa àkáǹtì náà rẹ́, mo wá fi àlùmọ́gàjí gé káàdì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú yàrá.

Lóṣù kejì, onílé tó fẹ́ fún mi ní yàrá mẹ́ta, tí ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ì bá wá bá mi gbé, sọ pé máàkì mi ti já wálẹ̀, òun ò ṣe mọ́. Mo lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní káàdì tí wọ́n fi ń rí bí mo ṣe ń sanwó láti ọdún tí mo dé ni mo pa rẹ́ yẹn, pé ká ní mo san án tí mo fi í sílẹ̀ ni, ì bá sàn. Ó ní kí n gba òmíràn, kí n máa jẹ gbèsè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Èmi san, igi ṣì dí ọ̀nà mi. Ìwà ìkà gbáà ni. Mo tún bínú sí ara mi, torí mi ò béèrè kí n tó gé e.

Mo ti gba káàdì tuntun. Wọ́n ní ó lè tó ọdún kan kí máàkì tó gòkè, yàrá mi yìí ò sì gba ìdílé.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màámi, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ti di aṣọ òtútù wọn sínú báàgì. Ẹ bá mi ní kí wọ́n tú u. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn.

Ọmọ yín,
Káyọ̀dé