Kopou Tó Rudi Lórí Igi Máńgòrò

Borpothar,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin.

Junti ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, bó bá sì jẹ́ alẹ́ ni ìwé yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo kí ọ kú alẹ́ náà, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú Guwahati. Ara wa le níhìn-ín, àfi eékún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí iṣẹ́ bá wà, tó sì máa ń san bí wọ́n bá ti pe ìpàdé àwọn obìnrin ní ilé àdúrà. Àná ni mo tan fìtílà fún ọ níbẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ojú ọ̀gá rẹ máa rí rere rẹ nìkan.

Ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ sọ ló mú mi kọ ìwé yìí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ò ń padà síbi iṣẹ́, o so òdòdó kopou yẹn, tí kì í gbé inú ilẹ̀, mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, ìyá rẹ sì bi ọ́ pé ìgbà wo la ó tún fojú kàn ọ́, o ní ọjọ́ tí kopou náà bá tanná ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà lò ń ṣe. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí ọmọ tí mo bí kì í sọ̀rọ̀ kó tún kó o jẹ. Ọdún Bihu méjì ti kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi kopou sí irun, wọ́n jó, o ò wá, mi ò sì bá ọ wí, nítorí kopou kò tíì tanná, àdéhùn sì ni àdéhùn.

Ṣùgbọ́n mi ò káwọ́ gbera. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ra ajílẹ̀ kan tó búlúù lọ́jà, ẹni tó tà á fún mi sọ pé òdòdó á ti yọ kí n tó délé, mo bá sáré kí n lè bá a níbẹ̀. Ewé tó jóná létí ni mo bá. Mo wá rò ó pé ohun tó ń bọ́ ìrẹsì wa láti ayé bàbá mi ló yẹ kó bọ́ kopou náà, mo bá bu ìgbẹ́ Bogi, màálù wa, ní gbígbóná, mo fi rẹ́ gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an, àfi bí Màmá Bohagi, opó tó múlé tì wá, tí kopou tirẹ̀ máa ń tanná lọ́dọọdún bí ẹni pé wọ́n ń sanwó oṣù fún un, ṣe yọjú lókè ọgbà, tó bi mí pé kí ni òdòdó ṣe fún mi tí mo fẹ́ sin ín láàyè. Ó ní gbòǹgbò yẹn ló fi ń mí, pé bí wọ́n bá fi ìgbẹ́ dí èmi náà nímú, ṣé màá tanná. Mo ní rárá o.

Òun ló kọ́ mi. Ó ní kí n rẹ ìgbẹ́ náà sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n sẹ́ ẹ, kí n fi omi là á títí yóò fi rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì, kí n wá máa wọ́n ọn sí gbòǹgbò láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì dára fún un, omi tí a fi fọ ẹja náà dára, bí a bá ti là á. Ó ní kopou kì í jẹun yó bíi màálù, ìtọ́wò ló fẹ́. Àbúrò ìyá rẹ fẹ́ bu omi ìgbẹ́ yẹn mu lọ́jọ́ kan, ó rò pé tíì ni, a rí ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, kopou nìkan lòun rí tí mo ṣan ìrẹsì nítorí rẹ̀.

Màmá Bohagi tún ní òdòdó máa ń mọ ohùn ẹni tó gbìn ín. Ìdí nìyẹn tí o fi ń ṣàròyé pé n kì í dá ọ lóhùn bí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú. Junti, mi ò sí nídìí fóònù ni. Bí a bá ti kíra tán, orí igi máńgòrò ni mo máa ń gbé ọ kọ́ kí kopou lè gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí o sọ nípa ọ̀gá rẹ àti onílé rẹ, òun lo sọ ọ́ fún. Ìyá rẹ tó ń fọ aṣọ nítòsí ló sọ fún mi pé o sunkún lọ́jọ́ kan. Ewé kan já lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn tèmi náà já.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn tí kì í lo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè orúkọ ẹni tó ń ṣe ajílẹ̀ náà jáde. Mi ò lè parọ́ sórí ìwé ìjọba, mo kọ Bogi. Ọjọ́ orí, ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, wàrà. Bóyá ó ti ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ni mo dúró lé díẹ̀, mo wá kọ pé ó ti bí mẹ́ta. Nígbà tó kan ìtẹ̀ka, mo fi yíǹkì sí pátákò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì hàn ketekete ju tèmi lọ. Ọ̀gá náà wò ó, ó jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé iṣẹ́ takuntakun tí Bogi ń ṣe ló wọ̀ ọ́ lára. Fọ́tò rẹ̀ méjì ló kù tí wọ́n ń bèèrè, ṣùgbọ́n ayafọ́tò ní màálù ò lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun wọlé.

Wàyí o, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù nítorí kopou á gbọ́. Fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́bọ̀, tí kopou wa ti tanná, irọ́ ni. Òdòdó Màmá Bohagi ni. Ìyá rẹ ló fi òwú so ó mọ́ tiwa, ó ní àárò rẹ ti fẹ́ pa òun, èmi ni mo di àkàbà mú. Nígbà tí o dáhùn pé o ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, pé ò ń bọ̀, ìyá rẹ jó yí ilé ká, èmi ò lè jẹun. Ó wù mí kí n rí ọ, Junti, ó wù mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ irọ́ ni mo fi mú ọ wálé.

Òtítọ́ rẹ̀ ni pé tiwa rudi ni. Ó yọ ọwọ́ kan tó gùn tó ìka mi, àwọn kóró wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ tí ojú mi ò lè kà mọ́. Bihu ku ọjọ́ mọ́kànlá, Màmá Bohagi sì ní ó lè má là títí Bihu á fi kọjá. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ìrudi lè dúró fún ìtànná. Ìwọ lo ṣe òfin náà, ìwọ ni kí o dá ẹjọ́ rẹ̀.

Owó díẹ̀ ni mo tún ń tọrọ, irínwó rúpìì ó lé ogún, mo ti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú ìwé yìí bọ̀, iye tí wọ́n ń gbà láti Guwahati dé ibí nìyẹn. Bí o bá dá a pé ìrudi kì í ṣe ìtànná, fi owó náà ránṣẹ́ sí báńkì, màá fi ra oúnjẹ fún Bogi, a ó sì máa wọ́n omi lọ títí di ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní bínú. Bí o bá sì dá a pé ó tó, má fi ránṣẹ́ sí mi, awakọ̀ ni kí o kó o fún.

Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ọmọ mi ni ọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Thaneswar