Olófòófó Kò Gba Ti Ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, níbi tí a ti ń tún táyà ṣe:
Àwọn táyà tó fara ti ògiri, omi òjò kún inú èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.
Ọkọ̀ Olùkọ́, oníbàárà wa, iná ofeefee kékeré tó ń kìlọ̀ nípa táyà ń tàn níwájú ìjókòó awakọ̀.
Ọ̀gá lóṣòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń mì ní ìbàdí, ó di ẹ̀rọ tuntun mú bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.
Lójú ẹ̀rọ: òdo.
Táyà: ó le bí òkúta. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Rewáyà, aládùúgbò wa tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe — ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Olófòófó ni mo ń pe ẹ̀rọ yìí. Wàá gbé e sún mọ́ ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, sẹ́ńsọ̀, ohun kékeré tó ń wọn atẹ́gùn nínú táyà náà, á dáhùn: atẹ́gùn mi tó báyìí, nọ́ḿbà mi nìyí. Fún Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní òdo. Ó ní àfi ká pààrọ̀ gbogbo sẹ́ńsọ̀ wọn. Olùkọ́ káwọ́ gbera: "Ṣé òfo ni mo gùn wá síbí, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá lọ fọwọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà yẹ̀ wọ́n wò. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan ló dákẹ́. Ẹyọ kan péré ló kú.

Ọ̀gá dé, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi. "Ẹ ti mọwọ́ ara yín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

A tú táyà ẹ̀yìn ọ̀tún kúrò lára rííìmù, a yọ sẹ́ńsọ̀ tó kú, a fi tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ò gbọdọ̀ le jù, kò gbọdọ̀ dẹ̀ jù — bí ẹni ń di okùn bàtà ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe wí. Iná ofeefee kú. Ọ̀gá dúró lókèèrè, ó ní òun ò fẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn. Ara Ọ̀gá ò gbà á, ó wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀: òdo, òdo, òdo, òdo. Olùkọ́ wakọ̀ lọ, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún mi. Alágbàtà tó gbé ẹ̀rọ wá ní ká dán an wò títí di Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ká sanwó tàbí ká dá ẹ̀rọ padà. Ọ̀gá ní ohun tí kò bá bọ̀wọ̀ fún òun kò ní bá òun gbélé. Bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀rọ yìí ló ṣe mú mi wá — ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, ó ní òun ń fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ bá lọ, mo bá a lọ nìyẹn. Màmá tiẹ̀ ti ránṣẹ́: yàrá rẹ ṣì wà ńbẹ̀ o.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Takisí kan, irú ọkọ̀ Olùkọ́ gan-an. Ọ̀gá kọ́kọ́ kí ẹ̀rọ: "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Òdo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ohun ìyanu. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, irú mìíràn. Olófòófó dá Ọ̀gá lóhùn dáadáa, ẹsẹ̀ kan kò yẹ̀! Ó jó yí ọkọ̀ náà ká. Rewáyà ní ẹ̀rọ ti dárí jì í. Lọ́sàn-án, irú ọkọ̀ Olùkọ́ tún dé. Òdo. Ijó tán.

Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà. Irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Rewáyà ní kí Ọ̀gá fá irùngbọ̀n, pé obìnrin ni ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá ní òun kì í gbọ́ ìsọkúsọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, irùngbọ̀n ti lọ. Òdo. Ìyàwó rẹ̀ ò kọ́kọ́ dá a mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Takisí ọjọ́sí padà wá. Òdo ni gbogbo wa máa ń wò. Lónìí, bí Ọ̀gá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo wo nọ́ḿbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ìparí rẹ̀ 741. Ẹsẹ̀ kejì, 741. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Sẹ́ńsọ̀ méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹnì kan ló ń dáhùn fún gbogbo wọn, bí ọmọ iléèwé tó ń jẹ́ orúkọ àwọn tí kò wá.

Mo mọ 741. Èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìdọ̀tí ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni Ọ̀gá yọ ọ́ lára irú ọkọ̀ yìí, ọrùn rẹ̀ ti jẹrà, ó ní ó ti kú. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òrùka sí i, mo fún un pé kó máa fi so kọ́kọ́rọ́. Ó ní látìgbà tí òun ti ń gbé táyà, kò sẹ́ni tó fún òun lẹ́bùn níbi iṣẹ́ rí. Kò kúrò ní ìbàdí rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọrùn nìkan ló jẹrà. Ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá lóṣòó ti irú ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, òun ló sún mọ́ ẹ̀rọ jù, òun ló ń yára fèsì — kò sì purọ́. Kò sí nínú táyà kankan. Òdo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Tí mo bá sọ, ẹ̀bùn mi di ọ̀daràn. Tí mi ò bá sọ, ó di ilé Màmá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní, "Bàbá —" Ọ̀gá ní, "Ṣé irùngbọ̀n ni?" Mo lọ gbálẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Alágbàtà tètè dé. Ọ̀gá ti kó ẹ̀rọ sínú páálí rẹ̀. Ọkọ̀ Olùkọ́ wà ńlẹ̀, ó wá gba atẹ́gùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wọn sórí àga lọ́hùn-ún, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó fi igbe bọnu. Ó sáré dé ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Mo wá gbé ẹ̀rọ lọ síbi àga, níbi tí kò sí táyà rárá: òdo, 741. Mo ṣàlàyé, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú táyà tó gbomi. Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín síyẹn.

"Ẹ jù ú nù, Ọ̀gá!" Rewáyà ń pariwo. "Ọ̀tá ilé ni!"

"Èwo ni kí n jù nù? Èyí tí ọmọ mi fún mi?" Ó so kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ ìbàdí tó rin gbingbin. Ó gbé Olófòófó lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun àti kọ́kọ́rọ́ òun ò ní dé ibi tó wà mọ́. Èmi ni kí n máa mú un, lónìí àti lọ́la. Ó sanwó fún alágbàtà. Ó wá kọjú sí Rewáyà: "Irùngbọ̀n mi ńkọ́? Ta ló máa san ìyẹn?"

Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé mi ò bọ̀ mọ́, kí wọ́n máa kó ẹrù tiwọn sí yàrá náà. Mo gbọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń dún gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dùbúlẹ̀.