Adúródèmí Ti Di Mẹ́rin

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde nílé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbúròó ibi nípa rẹ.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní o tẹ orúkọ rẹ, Adúródèmí, sínú fóònù, fóònù sì ní ìwọ nìkan ló ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ayé, àwọn ará ọ́fíìsì wá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o sì fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní kóòtù. Ọmọ mi, bá mi kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ fóònù náà, nítorí kíka gbogbo ayé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Jẹ́ kí n sọ bí orúkọ náà ṣe dé ilé wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bí ìyá tó bí mi, òjò dá agbẹ̀bí dúró sí òdìkejì odò. Àwọn obìnrin ilé ń sáré sókè sódò, ọmọ inú kò mira. Ìgbà tí agbẹ̀bí wọlé, tó bọ́ aṣọ tútù, tó fọwọ́ tán, ìgbà náà lọmọ tó jáde. Agbẹ̀bí ní ẹ ò rí i, ó dúró dè mí. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ ẹ títí a fi bí ọ, tí ìyá mi gbé ọ lé itan, tó ní òun fún ọ ní tòun.

Nígbà tí mo rí i pé àìlẹ́gbẹ́ orúkọ yìí ló ń bà ọ́ nínú jẹ́, mo ní kí n bá ọ wá èrò kún un. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo ti ń kan bẹ́ǹṣì lọ́wọ́, mo sì ń bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń fá pákó. Nọ́ọ̀sì ní kí n gbájú mọ́ ìṣó mi, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ti ń jẹ́ ẹ báyìí, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Jọ̀ọ́, tún fóònù tẹ̀ wò bóyá ó ti di mẹ́rin. Bí kò bá tíì kà wọ́n, ṣàlàyé fún un pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n.

Ìyá àkọ́kọ́ bi mí pé irú èèyàn wo ló ń jẹ́ orúkọ náà. Ti ìyá mi ni mo fẹ́ sọ, tìrẹ ni mo bá lẹ́nu mi: bí o ṣe rán àwọn àbúrò rẹ níléèwé, bí o ṣe jókòó ti ìyá rẹ ní ọsibítù fún oṣù méjì láìráhùn. Obìnrin náà ní bàbá, ó ti tó, ọmọ òun á jẹ́ ẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ọṣẹ fún àwọn ìyá ọmọ náà, ìṣó mi náà sì ti ń tán. Owó tí o fẹ́ gbé lọ sí kóòtù yẹn á tó.

N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, kò sí ẹni tó tún pè mí ní orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí. Bí o bá pààrọ̀ tìrẹ, n ò mọ ohun tí wọ́n á máa pè mí.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ á fi ojúure wò ọ́.

Èmi ni,
Bàbá Adúródèmí