Àmì Róbótó Tó Jẹ́ Bàbá Ovila

                                        Òpópónà Adam,
                                        Hochelaga, Montréal,
                                        Kánádà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Mosúnmọ́lá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Bọ̀dá Kúnmi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eékún Ìyá Àgbà ti fúyẹ́ díẹ̀? Yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀ níbí. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí ibi tí mo sọ pé a ti ń pín ànàmọ́ àti búrẹ́dì fún àwọn tí owó wọn kò ká oúnjẹ. Python, èdè kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ nílé ìwé, ni mo fi ṣe ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá wa, Ghislaine, fi ń mọ bí oúnjẹ ṣe ń lọ. Ó ní kí n fi àwòrán kún un, tí yóò fi ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹlòmíì wá hàn, kí a lè mọ ẹni tí yìnyín lè há mọ́lé. Mo sọ èèyàn kọ̀ọ̀kan di àmì róbótó, mo fi ìlà so wọ́n pọ̀. Búlúù ni àwọn tó ń gba oúnjẹ, pupa ni òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá so mọ́ èèyàn púpọ̀ ni àmì rẹ̀ ń tóbi. Bí ẹ bá fi máòsì fa ọ̀kan, àwọn tó so mọ́ ọn á máa wọ́ tẹ̀lé e. Ó dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yọ orúkọ kúrò lára wọn, àfi èyí tó ń yọjú bí máòsì bá dúró lórí àmì. Ìyẹn ni mo gbàgbé.

Nígbà ìpàdé, a tan àwòrán náà sára ògiri. Benoît, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, gba máòsì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ wo eléyìí bó ṣe sanra," ló ń sọ, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ta lẹ ń bọ́ tó báyìí?"

Orúkọ yọ: Ovila Rancourt, ó ń gba oúnjẹ. Bàbá Benoît ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ovila.

"Irọ́ ni," Benoît wí. "Bàbá mi kì í ṣe alágbe."

N kò lè gbójú sókè. Mo pa gbogbo orúkọ yẹn rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Bàbá Ovila kò wá mọ́. Àwọn aládùúgbò tí bàbá máa ń fi ọkọ̀ gbé wá náà kò rí ọ̀nà wá. Mo lọ bá bàbá nílé, wọn kò ṣílẹ̀kùn tán.

"Ìwọ lo lẹ̀ mí mọ́ ògiri?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Ọmọ mi ń bi mí ohun tí mo ń fi owó ìfẹ̀yìntì mi ṣe. Mo ti sọ fún un pé òṣìṣẹ́ yín ni mí, pé mo kàn ń gbé èèyàn ni. Ìwọ tó mọ àwòrán yà, lọ yà á bẹ́ẹ̀."

Ghislaine gbà, mo sì sọ àmì ńlá bàbá di pupa bíi ti òṣìṣẹ́. Nígbà tí Benoît rí i, ó gbá mi léjìká. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ."

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá kó gbogbo aládùúgbò wọn dé. Bàbá bá wọn di àpò oúnjẹ sínú ọkọ̀. Mo na àpò ti bàbá fúnra wọn sí wọn.

"Òṣìṣẹ́ kì í gbà á," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ti rù. Kóòtù òtútù tí wọ́n ń wọ̀ ti fẹ̀ jù wọ́n lọ, bíi ti ẹlòmíì.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Kúnmi àti àwọn ọmọ. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn. Wọ́n á bi mí bóyá bàbá náà ti jẹun, n kò sì mọ ohun tí mo máa sọ.

Èmi àbúrò yín tí ojú ń tì,

Dúrótolú