Mo Kí Àwọn Tó Ṣe Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Rẹ Kú Ará Fẹ́ra Kù

Ilé rẹ ní Okota,
Ọjọ́bọ̀.

Inúmidùn ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Èmi ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà, nítorí láti ìgbà tí ọ́fíìsì yín ti rán ọ lọ sí Kánò tí o ní kí n wá bá ọ ṣọ́ ilé ni ó ti wà lẹ́nu mi, gbogbo ìgbà tí o bá sì pè tí o bi mí pé, Mọ́mì, kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́, mà á ní ó wà lára ògiri níbi tí o gbé e kọ́ sí, mà á sì yára béèrè bóyá ooru mú ní Kánò. Irọ́ kọ́ ni mo pa o. Nígbà tí o bá ń pè, ara ògiri ló wà lóòótọ́. Àárọ̀ kùtù ni kì í sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú báyìí, ṣùgbọ́n kíkí ò ṣeé fò. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ àwọn ẹni rere, tìrẹ ò ní ṣẹ́kù sẹ́nu ẹni tó ń pè é. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ láti Òkè-Ọdán. Ó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ti gbin àgbàdo, ewúrẹ́ onítóótòtó ti bí méjì, ọ̀kan sì jọ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn pẹ̀lú irùngbọ̀n àti gbogbo rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí mo ti wá sí Èkó òun ò rí ọbẹ̀ gidi jẹ mọ́. Mo ní kó fara dà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo kàn fẹ́ nu eruku ara ògiri yẹn ni, mo bá gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ̀kalẹ̀, àfi bí ìgbà tí èèyàn gbé àtẹ tí wọ́n ti ta ọjà orí rẹ̀ tán. Ó fúyẹ́ débi pé mo rò pé mo ti já nǹkan sílẹ̀ lára rẹ̀ ni, mo tilẹ̀ wo ilẹ̀ yíká. Ibi tí mo ti dì í mú ni mo ti rántí kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi tí mo fi ń gbé ẹyìn wálé látoko nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. O ò mọ ìyẹn nípa mi, àbí? Ọjọ́ tí mo wọ ilé ọkọ ni ìyá bàbá rẹ ní ìyàwó kì í yasẹ̀ lórí irin, ni mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò sì gùn ún mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá mo tọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá mo jẹ̀bi, mo kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ kejì mo wọ ògbólógbòó ṣòkòtò bàbá rẹ tí mo kó wá láti fi nulẹ̀, mo sì gùn ún láti géètì dé ìdí tiransifọ́mà. Inúmidùn, ayé yìí dùn! Ìyá Babáfẹ́mi tó ń gbé nísàlẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní Ìyá Inú, ẹ ṣe jẹ́jẹ́ o, wọn kì í ta egungun àgbà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mi ò wá rajà.

Alameen tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ká mi mọ́. Dípò kó bínú, ó wólẹ̀ kí mi, ó bá mi rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kẹ̀kẹ́ yìí ní bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ jíà, pé kí n máa ṣáàjì rẹ̀ bíi fóònù. Mo bi í bóyá ó máa ń gba ìpè, nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ pè nígbà tí mo bá wà lórí ẹ̀. Ó ní kì í gba ìpè. Mo ṣì ń fi ojú sí i lára.

Wàyí o, ọwọ́ bíréèkì apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn òróró. Bí mo bá fà á, ńṣe ló ń rọ̀ wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ fùfú, kò sì dá kẹ̀kẹ́ dúró. Mo ní àṣé òróró ló tán. Ojú tì mí láti sọ fún Alameen, mo bá gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí itan mi nínú Márúwá bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó di Bọ́ládé ní Òṣòdì lọ́dọ̀ Àjàmú tó ń tún Márúwá ṣe. O mọ onítọ̀hún, ẹnu rẹ̀ ò lókùn. Ó ní kò tíì sí ohun tó ní táyà tó lu òun rí, pé bí bàálù bá bà sí Bọ́ládé òun á tú u. Mo bi í bóyá òróró bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí yàtọ̀. Ó ní Mọ́mì, òróró ni òróró ń jẹ́. Ó bu ti mọ́tò sí i. Ó le lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣàdúrà fún un títí dé ilé.

Ìgbà tó di ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ bíréèkì náà kú sójú kan, kò wọlé, kò jáde. Mo pe Alameen, mo jẹ́wọ́. Nígbà tó tú u, ràábà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń ti òróró síwájú kí bíréèkì tó mú. Ó ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi di ọjọ́ kejì. Alameen di orí mú. Ó ní kẹ̀kẹ́ yìí ní òróró tirẹ̀, pé ti mọ́tò ló ba ràábà náà jẹ́. A lọ bá Àjàmú, ó kọ́kọ́ ní ràábà onígbéraga ni, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Àjàmú dákẹ́, Inúmidùn! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Nítorí mo mọ eré ìje àwọn obìnrin tó wà níwájú rẹ. Mo mọ̀ pé tí o bá ti dé ni. Gbogbo ọdún ni o fi ń jí lóròòru nítorí rẹ̀, o ní tí bíréèkì ẹnikẹ́ni ò bá pé wọn ò ní jẹ́ kó tò sórí ìlà. Ìyẹn tiẹ̀ kéré lójú mi. Bí wọ́n bá wá jẹ́ kí o tò ńkọ́, tí o dé ibi tí ilẹ̀ ti gẹ̀rẹ́ lọ, tí o fà á? Mi ò lè parí gbólóhùn yẹn.

Alameen kọ̀wé lórí fóònù sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bíréèkì náà láti béèrè irú ràábà yẹn. Wọ́n fèsì pé àwọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó ti tó ọdún mélòó kan, kí ó ra tuntun. Ó ní tuntun ò bá tìrẹ mu, pé a óò pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀, bíréèkì rẹ̀, jíà rẹ̀, àfi bíi kéèyàn wó ilé nítorí pé kọ́kọ́rọ́ sọnù. Mo jókòó, mo rò ó. Ta ló máa ń ṣíwọ́ ohun tí àwọn èèyàn ṣì ń wá rà? Ní Òkè-Ọdán, nígbà tí Ìyá Kúnbi ṣíwọ́ àkàrà dídín, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ pé àkàrà dà, kò dá wọn lóhùn. Ìgbà tí a kó ara wa jọ lọ kí i, tí a bá a sunkún díẹ̀, ló gbé agbada kaná lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní àṣé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ àwọn oníbíréèkì yìí, tí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ayé sì ń kan ilẹ̀kùn wọn pé ràábà dà, láìsí ẹnì kan tó kí wọn.

Mo bi Alameen bóyá ó ti kí wọn. Ó ní kí ta ni. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti fíríìjì rẹ, ó ní Mọ́mì, ilé-iṣẹ́ kì í ṣe èèyàn, kò sẹ́ni tó kú, wọ́n kàn bá ọjà tuntun lọ ni. Mo ní ṣé ó wà níbẹ̀ ni? Ó ní rárá. Mo ní kó kọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni, ó kọ ọ́ lédè òyìnbó bí mo ṣe ń sọ ọ́: pé èmi Sàfúrátù, ìyá Inúmidùn, gbọ́ ní Èkó pé ẹ ò ṣe ràábà yẹn mọ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run yóò tu yín nínú, ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo tó ní kó fi kún un pé bí ó bá ṣẹ́ ọ̀kan kù nínú ilé, kí wọ́n bá mi wò ó, nítorí a kì í fi ọjà ṣíwájú ìkíni. Ilé-iṣẹ́ náà ò fèsì. Mo ní ìbànújẹ́ wọn ló pọ̀, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wọn tà, torí a kì í kí olórí ẹbí nìkan.

Inúmidùn, ìyá kan fèsì láti orílẹ̀-èdè Béljíọ̀mù! Ó ní òun ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú ní ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bàbá òun tó dá ṣọ́ọ̀bù àwọn sílẹ̀ kú ní ìparí ọdún tó kọjá, àwọn oníbàárà kàn ń béèrè ọjà ni, lẹ́tà mi sì ni ìkíni àkọ́kọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ní òun kà á títí, òun bá lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tí bàbá òun fi ń ṣiṣẹ́ tí òun ò tíì lè ṣí látìgbà tó ti kú, òun sì rí irú ràábà náà méjì nínú ọ̀rá. Ó ní òun ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, àfi owó ẹrù. Alameen tó ń kà á fún mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó jókòó sílẹ̀. Mo ní ṣé mi ò sọ? Ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀rọ̀.

Ó wá fi hàn mí nínú fóònù bí ẹrù náà ṣe ń rin ìrìn àjò. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo ń béèrè ibi tó sùn, mo sì ń ṣàdúrà arìnrìn-àjò fún un. Nígbà tó dé Ìkẹjà tí kò kúrò lójú kan, mo ní àbí ọlọ́pàá ti mú un ni. A lọ gbà á. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n mú ohun tí yóò fi dá mi mọ̀ wá, mo fún un ní káàdì ìdìbò mi àti fọ́tò ọjọ́ tí o gboyè, kó lè rí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ó ní fọ́tò ò pọn dandan, ṣùgbọ́n ṣé ọmọ yìí ti ní ọkọ. Mo ní kó gbé ẹrù wá.

Lánàá ni wọ́n fi í sí i. Àjàmú fúnra rẹ̀ wá láti Bọ́ládé, ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní wọn ò ní fi ìyẹn pe òun láyé. Wọ́n fọ òróró mọ́tò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ràábà tí òróró náà ti kàn, Alameen wá fi abẹ́rẹ́ fa òróró tirẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì ń rọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Mo ní àṣé afẹ́fẹ́ ni! Ta ló ń fún ọmọ lóúnjẹ tí kì í gbá a lẹ́yìn kó gùfẹ̀? Mo gbá a jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, afẹ́fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde, pọ́-pọ́-pọ́. Mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Alameen ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ló gbàgbé. Àjàmú ní òun náà mọ̀. Báyìí, bí o bá fa bíréèkì náà, ó le bí ọwọ́ ẹni tó gbá ọ mú nígbà tí o fẹ́ ṣubú.

Orí bébà ni mo kọ èyí sí nítorí tí n bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹnu mi á kú. Alameen ní òun á yà á ní fọ́tò, á sì dé Kánò kí n tó ká a. Mo ti lọ bébà náà kó lè jáde dáadáa.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ ra àdìrẹ fún ìyá Béljíọ̀mù yẹn, ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ò yẹ kó wà láìwọ aṣọ tuntun nígbà tó bá ṣíwọ́ ọ̀fọ̀. Mo fẹ́ akoto kan, tìrẹ ń fún mi lórí. Bí ọwọ́ rẹ bá tún dẹ̀, mo rí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ní Òṣòdì tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Bàbá rẹ ò tíì mọ̀. Tí mo bá délé, n ó gùn ún wọ àgbàlá, kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ.

Ọlọ́run yóò mú ọ padà wálé láyọ̀. Àárẹ̀ ò ní mú orúnkún rẹ, iwájú ni wàá máa wà, ẹ̀yìn rẹ ni wọn óò máa wò. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n jẹun kí o tó bínú.

Alameen ní òun ni yóò kọ́kọ́ gbé e sáré. Mo ní rárá, ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lọ́la, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, n ó gbé e lọ sí ibi tí ọ̀nà Ailegun ti gẹ̀rẹ́, n ó jẹ́ kó máa já bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, n ó sì fa bíréèkì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù.