Ẹni Tí Ó Tún Ọkọ̀ Ọkọ Rẹ̀ Ṣe: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Bàrákátù Àjọkẹ́ Àkànó (1953–2025)

Ilé Ọláṣùpọ̀ ní Olódì-Àpápá ni a ti bí Màmá wa, Bàrákátù Àjọkẹ́, ní oṣù Èrèlé ọdún 1953. Bàbá tí ó bí wọn ni olóògbé Alhaji Hameed Ọláṣùpọ̀, ọmọ Àwórì, ọ̀kan lára àwọn tí ó ni ilẹ̀ ní àdúgbò náà kí èbúté tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá wọn ni olóògbé Ruqoyah, ọmọ apẹja láti òdìkejì omi, ní Snake Island. Àwọ̀n ni Ìyá Ruqoyah máa ń tún ṣe fún àwọn apẹja, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ni Màmá máa ń jókòó sí láti kékeré, tí wọ́n ń na òwú, tí wọ́n ń ta kókó. Àwọn àgbà ilé a máa sọ pé ojú ọmọ náà ti rí ihò kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó kàn án.

Ní ìdájí, ilé kéú; bí ilẹ̀ bá mọ́, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá ka ìwé mẹ́fà parí ní ọdún 1966. Ó wù wọ́n láti tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n Alhaji ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1967 ni wọ́n mú wọn lọ bá Àńtí Omoefe, aránṣọ kan tí ó jẹ́ ọmọ Urhobo ní Ajégúnlẹ̀. Àńtí Omoefe kì í pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí ojú rírán bá wọ́, yóò tú u délẹ̀, yóò sì dá aṣọ padà sí ọwọ́ ẹni tí ó rán an. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́ sùúrù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ pijin, tí ó fi jẹ́ pé títí di ọjọ́ ogbó, bí inú bá bí Màmá, pijin ni yóò kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1971, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí Olódì-Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé àti aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté.

Aṣọ iṣẹ́ ni ó mú Bàbá wa, Ọládayọ̀ Àkànó, wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ iná inú ọkọ̀ ojú omi ni Bàbá ń ṣe, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ní kí Màmá rán àpò jíjìn mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn fún sukurudíráfà. Wọ́n padà wá pé àpò náà jìn jù. Wọ́n tún wá pé kò jìn tó. Bí Màmá bá ń sọ ọ́, wọn a máa rẹ́rìn-ín pé nígbà tó yá, ó yé àwọn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò mọ́.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Bàbá, Alhaji Ọláṣùpọ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọ̀rọ̀ náà fà títí. Nígbẹ̀yìn, Alhaji ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá jókòó, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí ọmọ mi bá fẹ́ kírun nínú ilé rẹ, ta ni yóò pọn omi àlùwàlá?"

Bàbá dáhùn pé, "Èmi ni, sà."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1976, Bàbá sì ń pọn omi náà láràárọ̀ títí àìsàn fi dé. Màmá kò kúrò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Bàbá kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì, Mujeedat tẹ̀lé Màmá, Olúwakóredé tẹ̀lé Bàbá, a kò sì gbọ́ ìjà ẹ̀sìn kankan nínú ilé náà rí, àfi ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ní ọdún 1984, Bàbá kan ọkọ̀ omi kékeré kan láti inú pákó tí ó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́. Ó gùn tó apá àgbàlagbà. Tọ́gì ni wọ́n fi ṣe àwòkọ, irú ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Wọ́n kùn ún ní pupa àti dúdú, wọ́n fi ẹ́ńjìnì kékeré àti bátìrì sí ikùn rẹ̀, wọ́n sì ń dúró sí etí omi fi rímóòtù darí rẹ̀. Imú rẹ̀ ni wọ́n kọ "Àjọkẹ́" sí. Màmá a máa ráhùn pé ọkùnrin yìí ti sọ àwọn di ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá gbé e lọ sí etí omi, Màmá ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀.

Ní ọdún 1991 ni àgbàrá òjò wọ ilé. Abẹ́ ibùsùn ni ọkọ̀ náà wà. Kí a tó rántí rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti dípẹtà, pákó ìdí rẹ̀ sì ti rà. Bàbá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní bí àwọn bá fẹ̀yìntì, àwọn yóò tún un ṣe. Wọ́n fẹ̀yìntì ní ọdún 2010, ọkọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù Ògún ọdún 2014, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dá mọ́ wọn lẹ́nu. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa lò ó, kí òun náà má baà rọ. Bàbá kọ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì sọ pé ká fi jẹun tàbí ká fi gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí nọ́ọ̀sì fi lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fún, wọ́n jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ṣíbí bọ́ wọn, wọn a pa ẹnu dé. Wọ́n rù, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn kì í sì í yíjú sí ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ ti ń bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí Màmá gbọ́.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015, Màmá gun àga, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí a fa ibùsùn kúrò lára ògiri, wọ́n sì gbé tábìlì ìránṣọ sí àárín, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí Bàbá kọjú sí gan-an ni tábìlì wà. Mujeedat béèrè pé kí ni Màmá mọ̀ nípa wáyà. Màmá ní àwọn kò mọ aṣọ rán rárá kí wọ́n tó mú àwọn lọ sí ọ̀dọ̀ Àńtí Omoefe.

Màmá tọ Nnaemeka lọ, ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀. Nnaemeka wo ọkọ̀ náà, àánú wọn ṣe é, ó ní, "Mama, leave am for me. I go do everything."

Màmá dá a lóhùn pé, "If you do am, wetin my husband go dey look?"

Ló bá kọ́ wọn bí a ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé ojú wáyà. Ó bá wọn wá ẹ́ńjìnì mìíràn, rímóòtù ìgbàlódé, àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ń gbọ́ àṣẹ rímóòtù nínú ọkọ̀. Ìyókù di ọwọ́ Màmá. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha pákó tó rà kúrò, wọ́n fi gọ́ọ̀mù po ìyẹ̀fun pákó dí ojú ihò, wọ́n fi sáńpépà fá a títí tí ó fi dán. Wọ́n tú gbogbo wáyà àtijọ́ jáde bí ìfun ẹja. Òjé jó wọn níka, wọ́n fi ọ̀rá pa á, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, Bàbá ń wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Igbe, Màmá fẹ́ so wáyà mọ́ bátìrì. Wọn kò mọ̀ pé dúdú ni àwọn fẹ́ fi sí orí tó yẹ kó jẹ́ ti pupa, èyí tí ì bá jó ẹ̀rọ tuntun náà mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wọn.

"Pupa."

Màmá dúró. Wọ́n ní, "Bàbá Mujeedat, kí lẹ wí?"

"Pupa. Síbí."

Bàbá ti na ọwọ́ òsì jáde láti abẹ́ aṣọ ìbora, òun ni wọ́n fi júwe orí bátìrì. Màmá kò pariwo, wọn kò ké pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n yí wáyà padà, wọ́n ní ẹ ṣeun, wọ́n sì ní kí Bàbá bá àwọn di ìdí rẹ̀ mú kí òjé lè mú un dáadáa. Bàbá dì í mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé àwo ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n fi ṣíbí sí apá òsì, wọ́n sì yẹra lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n padà, àwo ti ṣófo.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń ṣàṣìṣe lóríṣiríṣi. Wọn a gbé fíúsì síbi tí kò yẹ, wọn a so súìṣì sódì, Bàbá a sì máa bá wọn wí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Inú bí Nnaemeka nígbà kan tí ó wá wò wọ́n, ó ní ṣebí òun ti kọ́ Màmá ní èyí. Màmá ṣẹ́jú sí i, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá kò ṣàṣìṣe nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe di àwọn wáyà pọ̀: òwú tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi rán wọn mọ́ra, bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ. Bàbá fi ìka òsì tọ́ ọ láti orí dé ìdí. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, wọ́n jẹ́ kó yé Màmá pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ṣe ń dì í nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sínú agbada omi lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Wáyà ẹ́ńjìnì ni wọ́n so sódì, ti ọjọ́ yẹn kì í sì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Bàbá rẹ́rìn-ín. A ti gbàgbé bí ẹ̀rín náà ṣe ń dún. Lẹ́yìn tí Màmá kùn ọkọ̀ tán, wọ́n fi imú rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì lé Bàbá lọ́wọ́ òsì. "Àjọkẹ́" tí Bàbá kọ wọ́ gan-an, àmì orí rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí kò sí lẹ́tà kankan. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, a gbé Bàbá lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ sí etí omi tí ó kọjú sí Snake Island. Ọkọ̀ náà lọ dáadáa kó tó há sínú koríko orí omi. Olúwakóredé ti fẹ́ pe ọlọ́kọ̀ kan kí ó wà á lọ mú un wá. Màmá ní kó fi sílẹ̀. Bàbá fi àtàńpàkò òsì tẹ rímóòtù, wọ́n dá ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n tì í síwájú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n tún dá a sẹ́yìn, ó sì já kúrò. Bàbá ní, "Ó ti jáde." Odindi gbólóhùn àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà àìsàn nìyẹn.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Lucky, awakọ̀ tírélà kan ní Liverpool Road tí àrùn kan náà ti mú ní apá ọ̀tún, ní kí wọ́n gbé òun wá. Ojú ń tì í láti na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà. Ó ní, "Mama, no vex, na left hand remain."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ náà. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni."

Báyìí ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́wọ́ Kan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú a péjọ sí etí omi, Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì, Yorùbá, Ìgbò àti Ìjọ̀, wọn a máa gba rímóòtù lọ́wọ́ ara wọn. Màmá kò pe ara wọn ní dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi oògùn sílẹ̀ nítorí ọkọ̀, Màmá a lé e padà sí ilé ìwòsàn. Bàbá wa sùn ní ọdún 2021, nílé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Màmá kò lè lọ. Ní èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni àìsàn ọkàn ti ń bá Màmá jà. Ní oṣù Bélú, a gbèrò pé a óò kan àpótí onígíláàsì kan, a óò gbé ọkọ̀ náà sí pálọ̀ fún ìrántí. Màmá gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Wọ́n ní, "Ẹ má dán an wò. Lucky ń bọ̀ ní Sátidé." Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ kejì, ìyá wa mí kanlẹ̀, wọ́n sì lọ. A sin wọ́n ní ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Lucky fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé wa, ó ní òun wá gbé ọkọ̀. A gbé e fún un.

Àwọn ọmọ tí Màmá fi sáyé lọ ni Alhaja Mujeedat àti Ọ̀gbẹ́ni Olúwakóredé. Ìyàwó ọmọ wọn, Ifeoma, tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ àwọn. Àwọn ọmọ-ọmọ, Fárúùkù, Sàlámọ́tù, Chidera àti Ìtùnú. Àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń rán aṣọ káàkiri Àpápá àti Ajégúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹ ò ní fi ẹkún san án. Kí Ọlọ́run dárí àṣìṣe Màmá jì wọ́n, àti èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nítorí ìfẹ́.

Ẹ sùn re o, Àjọkẹ́ ọmọ Ọláṣùpọ̀. Ẹ kí Bàbá fún wa. Ẹ ní kí wọ́n pọn omi sílẹ̀, ìrun ti tó.