Gbólóhùn Tí Ṣọlápé Kọ́

Bọ̀dá mi Gbọ́lágadé,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Ṣé ara ìyàwó yín àti àwọn ọmọ le? Àwa náà wà ní Ìbà níbí. Ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ṣọlápé àbúrò wa ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, níbi tó ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, ti kógbá sílé. Àwọn kan láti Igbó-Elérin ló ń fi bọ́ọ̀sì wá gbé e báyìí, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.

Lánàá, Ṣọlápé sọ odindi gbólóhùn já gaara, ohun tí kò ṣe rí. Màámi sunkún ayọ̀. Èmi ni ara mi bù máṣọ. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ní: "Ẹ ta mí lọ́rẹ nítorí Ọlọ́run."

Mo ní kó má lọ mọ́, Màámi ní mi ò fẹ́ kí ojú àbúrò mi là. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di Mọ́ńdè. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún.

Àbúrò yín,
Ẹniọlá.

Aṣọ tó ti ya ni Màámi ń fọ̀ fún un báyìí. Àwọn oníbọ́ọ̀sì yẹn ní irú ẹ̀ ni kó máa wọ̀ wá.